Nítorí Omi Aláwọ̀ Ewé àti Ọkọ Rẹ Kékeré

Ilé Bàbá Rẹ,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Òmù-Àrán.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ìwọ tí o ń kúnlẹ̀ kí ọkùnrin tí o gbà síṣẹ́,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kọ́kọ́ dá a kà lábẹ́ igi ọsàn, lẹ́yìn náà mo pe ìyá rẹ jókòó, mo kà á sí i létí. Nígbà tí mo kà á tán, ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ibì kan wà tí ẹ fò."

Mo ní, "Kí n fò bíi ti báwo? Ṣé ẹyẹ ni mí ni?"

Ó ní, "Ohùn yín wálẹ̀ níbì kan, ẹ sì yára ṣí ìwé sójú kejì. Ẹ padà síbẹ̀."

Ìyá rẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú mi ni ìwé tirẹ̀. Ni mo bá padà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni o ti kọ ọ́ pé ẹ kò ní lè wálé fún Kérésì lọ́dún yìí náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ẹ lè fi ilé àti adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ inú ọgbà yín sílẹ̀ fún. Ìyá rẹ dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá àgbàlá tó ti gbá láàárọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ gígùn yìí. Omi kan wà ní Kàdúná tó di ọmọ mi mú, mo sì fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ìjọba ti ń padà sí Ìlọrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dé síbí lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á gba èlùbọ́, wọ́n á padà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo máa ń rìn dé ibi tí ọkọ̀ bá já wọn sí, mo máa ń yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, bóyá awakọ̀ gbàgbé ẹnì kan síbẹ̀. Títí di òní, kò tíì gbàgbé ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́ àlàyé rẹ. Ilé ìjọba ni ilé náà. Nígbà tí a gba òmìnira, òyìnbó tó ń gbé ibẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó fi adágún rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni fi ajá sílẹ̀ fún aládùúgbò: ẹ bá mi máa bọ́ ọ. Bí ajá náà bá kú, ọkọ rẹ Ìsíkíẹ́lì ni ọ̀gá rẹ̀ máa bi léèrè. Ó dáa. Mo mọ ajá náà dáadáa. Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti bọ́ irú rẹ̀ ní Kàdúná kan náà.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara mi, nítorí ẹni tó bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń parọ́.

Èkíní. Nígbà tí mo dé Kàdúná, èmi àti àwọn ọkùnrin kan jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà òyìnbó kan. Ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá a mọ iṣẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Àwọn yòókù ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Èmi ní, "Yẹ́sà!" Ó ní ṣé mo ti ṣe é rí? Mo ní, "Yẹ́sà!" Ká ní ó bi mí bóyá èmi ni mo gbẹ́ odò Ọya, yẹ́sà náà ni ǹ bá wí, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbà mí, ó lọ sí ọ́fíìsì.

Mo wọnú omi, mo fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, ó ń yọ̀. Mo ní ẹ̀gbin nìyí. Kí la fi ń fọ ẹ̀gbin nílé wa? Mo lọ sọ́jà, mo ra ọṣẹ dúdú kún igbá, mo padà wá, mo ń fọ ògiri adágún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìfófòó ti kún bo etí omi, ó ti gba orí òdòdó ìyàwó òyìnbó kọjá. Ajá wọn tó dúdú bí èédú kó sínú rẹ̀, ó jáde ní àgùntàn. Òyìnbó dé, ó dúró, ó ní kí nìyí? Mo ní, "Yẹ́sà."

Kúkù wọn, Tápà kan tó fẹ́ràn ẹ̀rín, ló bá mi bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí wọ́n má lé mi, ó ti pẹ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà. Òun náà ló sì kọ́ mi níṣẹ́ lẹ́yìn náà, nítorí ó ti ṣe é kó tó bọ́ sídìí ìkòkò.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí: ẹni tó bá wá iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ rẹ, ìbáà ṣe káfíńtà, ìbáà ṣe onípáìpù, ìbáà ṣe oníná, má bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ta ló máa sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n? Sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Kó o wá dákẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa yin ilé rẹ, á ní ìyàwó gidi ni ẹ́, á ní ọmọ rẹ jọ ọ́. Ẹni tó bá ti yin ọmọ rẹ kó tó wo páìpù tó ń jò, ní kó máa lọ.

Bi í pẹ̀lú pé iṣẹ́ wo ló bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Bó bá ní kò sí, irọ́ ni, tàbí kò tíì ṣiṣẹ́ rí.

Èkejì. Má tìtorí ohùn orin gba káfíńtà. O mọ ilẹ̀kùn yàrá rẹ, èyí tí o máa ń fi èjìká tì kó tó ṣí. Ẹni tó ṣe é, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa ni. Ó kọrin lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, omi dà lójú mi, mo ní ẹni tó bá lè gbé ohùn rẹ̀ dúró gbọnin báyìí kò ní í gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ́. Ìyá rẹ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí ní kí n má parọ́, òun kìlọ̀ fún mi.

Mo ní, "Ìwọ lo ní kí n pè é!"

Ó ní, "Kó wá kọrin ni mo ní kí ẹ pè é sí."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀. Bó ti wù kó rí, ọkùnrin náà kọrin títí tó fi kan ilẹ̀kùn náà tán, ilẹ̀kùn náà sì ń kọrin títí di òní. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nítorí náà, kí o tó gba oníṣẹ́-ọwọ́ kankan, lọ wo iṣẹ́ rẹ̀. Má wo èyí tó ṣe ní àná. Gbogbo ilẹ̀kùn ló máa ń tì dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e kọ́. Lọ wo èyí tí òjò ti pa, tí ọyẹ́ ti fẹ́ sí, kó o bi onílé pé, "Nígbà tó bà jẹ́, ṣé ó padà wá?" Ìbéèrè yẹn ju gbogbo ìbéèrè lọ. Kò sí iṣẹ́ tí kì í bà jẹ́. Ẹni tó ń padà wá ni mò ń bá ọ wá.

Wo irinṣẹ́ rẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti máa yá òòlù, mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ náà ló ti máa kọ́ṣẹ́. Kọ́kọ́ fún un ní iṣẹ́ kékeré ṣe: kó kan ẹsẹ̀ àga, kó dí ihò kan. Ẹni tó bá ṣe kékeré bí ẹni tí a fi bú ni, kò ní í ṣe ńlá bí ẹni tí a fi yìn. Má sì san owó tán kí iṣẹ́ tó tán. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lórí owó, o ti gbọ́n jù mí lọ níbẹ̀ láti kékeré.

Ó yẹ kí n kọ Ẹ̀kẹta síbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi fúnra rẹ̀ gùn, jẹ́ kí n máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá.

O ní omi náà ti di aláwọ̀ ewé, o ní ẹnì kan gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbọ́n ọn gbẹ. Ẹ má dán an wò. Bí ojú bá ṣepin, a máa ń nù ún ni, a kì í yọ ẹyinjú. Adágún tó bá ṣófo, omi inú ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè tì í sókè, kó sán, ìgbà náà ni ẹjọ́ ọ̀gá ọkọ rẹ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Omi tó dúró lójú kan ni omi tó ń rà. Ẹ̀rọ tó ń fa omi náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójoojúmọ́, kó máa gbé e gba inú agolo ńlá tó kún fún iyanrìn, kí iyanrìn máa mú ìdọ̀tí sílẹ̀. Bí o bá rí i pé omi tó ń padà wọlé kò lágbára mọ́, iyanrìn ti yó nìyẹn. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà padà, kí omi gba ẹ̀yìn fọ iyanrìn, kó sì da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Bí wáyà ẹ̀rọ náà bá bó, oníná gidi ni kẹ́ ẹ pè. Má jẹ́ kí aṣọ́gbà fi aṣọ dì í. Iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara wọn, ẹni tó bá dúró sáàárín wọn ni wọ́n máa ń pa.

Láràárọ̀, kí wọ́n fi àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn kó ewé ojú omi kó tó rì. Ní àsìkò ọyẹ́, tí eruku Kàdúná bá ń bọ̀ bí ẹni pé ó ní ìwé ìpè lọ́wọ́, kí wọ́n ṣe é láàárọ̀, kí wọ́n tún ṣe é nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo wí o, Àbẹ̀kẹ́, má fi ọṣẹ dúdú dójú tì mí.

Lẹ́yìn náà ni kúlórínì, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tó ń pa kòkòrò inú omi. Bí oòrùn bá ń lọ wọ̀ ni kí wọ́n fi í sí i, nítorí bí wọ́n bá fi sí i lọ́sàn-án, oòrùn ló máa jẹ ẹ́, omi kò ní í tọ́ ọ wò. Korobá tí omi ti wà nínú rẹ̀ ni kí wọ́n da ìyẹ̀fun sí. Wọn kò gbọ́dọ̀ da omi lé ìyẹ̀fun. Mo da omi lé e nígbà kan nítorí mo ń kánjú. Ó hó ṣùù, ó ta jáde bí ejò tí a tẹ̀ nírù, ó sì ba ṣòkòtò mi jẹ́, àmì funfun-funfun káàkiri. Ọpẹ́ ni pé kò kan ojú mi. Ṣòkòtò yẹn náà ni mo wọ̀ wálé ní ọdún náà, tí gbogbo ọmọge àdúgbò ń bi mí pé aṣọ tuntun wo ló dé sí Kàdúná. Bi ìyá rẹ kó sọ òótọ́ fún ọ.

Ó ní, "Àánú ló ṣe mí. Mo rò pé ọkùnrin náà kò lówó ra òmíràn ni."

Ẹ gbọ́ o. Àánú.

Kí ẹnikẹ́ni má fi kúlórínì pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn, kí wọ́n sì gbé e síbi tó gbẹ, tó ga, tí kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Nítorí àwọ̀ ewé yẹn, wọn yóò fi í sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ díẹ̀, bí ìwé ara agolo kúlórínì náà bá ṣe wí. Ìwọ ni kó o ka ara agolo náà fún ẹni tó ń ṣe é. Wọn yóò máa ha ògiri, ẹ̀rọ yóò máa ṣiṣẹ́. Omi náà á kọ́kọ́ dà bí omi ògì, ẹ má bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà á mọ́. Bí ẹ bá ju kọ́bọ̀ kan sí ibi tó jìn jù, tí ẹ kò rí i nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ̀ ọ́.

Níbi tí mo dé yìí, n kò bá ọ ṣàwàdà. O kọ ọ́ pé Báyọ̀ ti ń rìn. Ọmọ-ọmọ mi ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì kan ilẹ̀ mi. Èmi kò mọ̀ bóyá bíi tèmi ló ṣe ń rìn tàbí bíi ti baba rẹ̀ tó dà bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti ń rìn, omi ló máa ń rìn lọ bá. Ní ilé òyìnbó mi, ọmọ ajá kan já sínú adágún nígbà tí gbogbo wa wà nínú ọgbà náà. A kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ohun tó bá ń rì sómi á pariwo. Kì í pariwo, Àbẹ̀kẹ́. Pé a kò gbọ́ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀.

Ní kí bíríkìlà tàbí káfíńtà ṣe ọgbà yí adágún náà ká, kó ga, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa fúnra rẹ̀ tì, kí ohun tí a fi ń ṣí i wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Ṣe ìyẹn kó o tó ṣe ohunkóhun tí mo ti kọ lókè yìí. Bí ẹ bá sì wà létí omi, dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo pé òun ló ń ṣọ́ ọmọ. Ọmọ tí gbogbo ènìyàn ń ṣọ́, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹ̀rín, nítorí mo ti dé orí ọkọ rẹ kékeré.

O kọ ọ́ báyìí pé, "Bàbá, mo bẹ Adúmáadán pé kí wọ́n bá wa yọ ewé inú omi, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọ́n wá sùn." Wọ́n! Mo ka ibẹ̀ fún ìyá rẹ, a rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Mo mọ ẹni tó ń jẹ́ Adúmáadán. Gídíọ́nì ni, ọmọ àbúrò baba ọkọ rẹ, ará Àrán-Ọ̀rin, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó tóbi tó ilẹ̀kùn. Wọ́n ti bí i nílé ọkọ rẹ kí o tó wọ ibẹ̀, nítorí náà ọkọ rẹ ni. O kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, o kò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́ bí ẹrú, o gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. N kò bá ọ jà lórí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ, inú mi sì dùn pé Kàdúná kò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ gbà á síṣẹ́?

Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ ní, "Ọmọ wa ni." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti ba ilé jẹ́ ju ikán lọ. Ọmọ wa ni, kó máa bá wa ṣe omi. Ọmọ wa ni, kí la tún máa wá àlejò fún? Ìwọ wá di ẹni tó ń kúnlẹ̀ létí adágún tó ń sọ pé, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, omi yìí mà ti ń dúdú o," òun á na ẹsẹ̀, á ní, "Ìyàwó, mo ti rí i." O kò lè bá a wí. O kò lè lé e. Bí Ìsíkíẹ́lì bá lé e, gbogbo Àrán-Ọ̀rin á ní ìyàwó tó fẹ́ ní Òmù-Àrán ló lé ọmọ ilé. O kò sì lè fi ilé sílẹ̀ fún un, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá kúrò ni ẹ̀rọ náà máa sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe jókòó síbẹ̀, Kérésì ń lọ, Kérésì ń bọ̀.

Ìmọ̀ràn mi lórí rẹ̀ kò gùn. Ẹbí ẹni la ń ràn lọ́wọ́, àlejò la ń gbà síṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ran ọmọ ilé lọ́wọ́, ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ bá a wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kó lọ gba ìbáwí níbẹ̀. Má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó tó bá a wí. Má sì ṣe wá ọmọ Òmù-Àrán dípò rẹ̀ o! Ọjọ́ tí ìwọ bá bá a wí ni ìyá rẹ̀ á wá tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi.

N kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìmọ̀ràn. Ní àná, mo wọ agbádá mi, mo dé fìlà, mo lọ sí Àrán-Ọ̀rin, sí agbo ilé ọkọ rẹ.

Bàbá àgbà ilé náà jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ dọ̀bálẹ̀. "Àna wa, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé kò sí?"

Mo ní, "Kò sí o. Òrùlé ni. Òrùlé ilé mi ń jò, ẹsẹ̀ mi kò sì gba àkàbà mọ́. Ebè náà ń bẹ níwájú. Mo wá ronú pé, ṣé èmi kò lánà ni?"

Bàbá àgbà ní, "Ẹ lánà! Ọ̀wẹ̀ ni ẹ wá bẹ̀? Ọ̀wẹ̀ àna kì í ṣe ohun tí à ń bẹ̀, ẹ wulẹ̀ pàṣẹ ni. A ó ránṣẹ́ sí Ìsíkíẹ́lì."

Mo ní, "Áà, ẹ má fa Ìsíkíẹ́lì nídìí iṣẹ́ ìjọba. Mo gbọ́ pé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí apá rẹ̀ le."

Ìyá Gídíọ́nì tó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú ilé ti jáde sí wa. Ó ní, "Gídíọ́nì mi ni! Àbí ìyàwó wa dárúkọ rẹ̀ fún yín?"

Mo ní, "Ìyá, nínú lẹ́tà tó kọ sí mi, orúkọ ọmọ yín pọ̀ ju orúkọ èmi bàbá rẹ̀ lọ."

Ọlọ́run gbọ́ pé n kò parọ́. Inú obìnrin náà dùn, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sínú lọ, mo ti ń ro bí mo ṣe máa ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ, àfi bó ṣe kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Àna wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é wálé. Kò kọ̀wé. Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ tó dúró lójú títì, mo máa ń rò pé òun ni. Ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá lò lọ́dọ̀ yín, mo lè rìn wá kí n wá wò ó lórí òrùlé."

Mo fà á dìde. Mo ní, "Ìyá, yóò wálé." N kò rí àwàdà kankan ṣe mọ́ títí mo fi wọkọ̀ padà.

Nítorí náà, lẹ́tà bàbá àgbà máa dé ọwọ́ ọkọ rẹ láìpẹ́, pé kó jẹ́ kí Gídíọ́nì wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òfà, àna ń ṣe ọ̀wẹ̀. Kò ní í lè kọ̀ ọ́, nítorí ọkọ tí kò bá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, ìtìjú kò ní í jẹ́ kó rìn nílùú. Kò sí ẹni tó lé Gídíọ́nì. Iyì ló ń bá wálé. Ìwọ náà, bó bá ń múra, má ṣe rẹ́rìn-ín o, mo mọ̀ ọ́. Kúnlẹ̀ dáadáa, din ẹran tí yóò máa jẹ lójú ọ̀nà fún un, fi aṣọ kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Èmi á lò ó dáadáa níbí, mo sì ṣe ìlérí pé tí mo bá ní kó gun òrùlé, kò ní í sùn síbẹ̀.

Ọjọ́ tó bá wọkọ̀ gan-an ni kó o lọ bá kúkù tàbí aṣọ́gbà ilé tí wọ́n ń tọ́jú adágún tó mọ́ ní àdúgbò yín. Bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí tiwọn bá bà jẹ́. Bi ẹni náà léèrè bó ṣe ń ṣe é, kó o dákẹ́, bí mo ti wí. Jẹ́ kó ṣe é lójú rẹ títí omi fi mọ́. Fi ojú rẹ kọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má ba à fi ìfófòó tàn ọ́ jẹ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọgbà nìkan, kí aládùúgbò kan máa yọjú. Ẹ̀rọ lójúmọmọ, àwọ̀n láàárọ̀, kúlórínì nírọ̀lẹ́, ọgbà ní títì. Omi tó bá rí nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí kò ní í wá yín títí ẹ ó fi padà.

Mo rò pé mo ti kọ ohun gbogbo. Ìyá Gídíọ́nì á rí ọmọ tirẹ̀ kí Kérésì tó dé. Ó ku ìyá kan ní Òmù-Àrán.

Mo ti fẹ́ fi ọwọ́ sí i nígbà tí mo bi ìyá rẹ pé kí ni òun fẹ́ kí n bá òun fi kún un. Ó gbé ìgbálẹ̀ tó tún ti mú lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mo ti ra bàsíà tí a ó máa fi wẹ Báyọ̀. Ẹ sọ pé kò jìn."

Èmi ni, bàbá rẹ tó ń yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀.